Ilé Là Á Wò: Ọ̀rọ̀ Lórí Njideka Akunyili Crosby, Ayàwòrán

Iṣẹ́ tó wà níwájú mi lónìí le díẹ̀, nítorí àwòrán ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, rédíò kò sì lójú. Etí lẹ ó fi wò ó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọ pálọ̀ kan ná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti lé ní ogójì ọdún mọ irú pálọ̀ tí mo ń wí. Àwọn àga onítìmùtìmù wà níbẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ tí wọ́n fọwọ́ hun bo ibi ìgbórílé wọn. Kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì wà níbẹ̀, ó kún fún abọ́ àlejò tí àlejò kankan kò fi jẹun rí. Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì wà lára ògiri, ti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lókè gbogbo rẹ̀ ni fọ́tò ìgbéyàwó bàbá àti ìyá, tó dà síwájú díẹ̀ bí ẹni tó ń bojú wolẹ̀ wò wá bóyá a ti ṣe iṣẹ́ iléèwé tán. Abẹ́ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa dàgbà sí. Ta ló rò pé pálọ̀ yẹn lè di ohun tí àwọn ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ńlá ńlá ní Amẹ́ríkà àti ní Lọ́ńdọ̀nù yóò máa fi owó gidi wá kiri?

Obìnrin kan ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Njideka Akunyili Crosby ni orúkọ rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Láti ìgbà tí obìnrin yìí ti gbé búrọ́ọ̀ṣì ìyàwòrán dání, ilé ló ń wò.

Ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ orúkọ Akunyili kí n tó parí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni o, ọmọ Dora Akunyili ni. Láti ọdún 2001 títí di 2008 tí ìyá náà fi ṣe olórí NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ilé wo ni wọn kò ti dárúkọ rẹ̀? Ìgbà yẹn la kọ́ láti máa yí páálí oògùn po, ká wá nọ́ńbà NAFDAC kiri ara rẹ̀ kí a tó san owó. Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ oògùn ni ìyá yìí ní Yunifásítì Nàìjíríà, Nsukka. Ayédèrú oògùn àtọ̀gbẹ ti pa ọmọ ìyá rẹ̀ kan, kò sì gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí ìjọba gbé àjọ náà lé e lọ́wọ́, ó gbógun ti àwọn oníṣòwò ikú wọ̀nyẹn. Ní ìparí ọdún 2003, wọ́n dá a lọ́nà, wọ́n yìnbọn sí ọkọ̀ rẹ̀. Ọta ìbọn gba inú gèlè rẹ̀ kọjá, orí sì yọ ọ́. Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ ìyá yìí àti aṣọ rẹ̀ pamọ́ o. Ọmọ rẹ̀ yóò lò wọ́n nígbà tó bá yá.

Enugu ni wọ́n ti bí Njideka ní ọdún 1983, ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́fà. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ni bàbá wọn. Tí ọlidé bá dé, wọ́n á lọ sí abúlé lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Nígbà tó tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó wọ Queen's College ní Yábàá, l'Ékòó. Ìyá wọn wá jẹ lọ́tìrì físà Amẹ́ríkà, èyí tí gbogbo wa mọ̀ dáadáa. Ní 1999, nígbà tí Njideka di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kọjá sí ìlú Philadelphia.

Ẹ wo ìrìn ọmọ náà: abúlé, Enugu, Èkó, Amẹ́ríkà. Abúlé ní àtùpà elépo àti abọ́ tánganran. Enugu ní tẹlifíṣọ̀n àti àga onítìmùtìmù. Ní Èkó, ó bá àwọn ọmọ tí òbí wọn ti lọ sí òkè òkun pàdé ní bọ́dìn. Amẹ́ríkà wá fi tirẹ̀ kún un. Ibi tó bá dé, kò da ti ẹ̀yìn nù. Ohun tó wá di iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì mọ̀ nígbà náà.

Iṣẹ́ dókítà ló wà lọ́kàn rẹ̀. Kí la fẹ́ retí lọ́dọ̀ ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ dókítà, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ apoògùn? Ṣùgbọ́n kó tó wọ yunifásítì, ó gba ẹ̀kọ́ fífi ọ̀dà olóròóró ya àwòrán ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò kan ní Philadelphia, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ ọ́ lára. Ó lọ sí Swarthmore College, ó ka ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí, ó sì ka iṣẹ́ ọnà mọ́ ọn. Ó gboyè ní 2004, ó sì padà wálé wá sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún ọdún kan bí àwọn àgùnbánirọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá mú ọ̀nà kan. Ó kàwé ní Pennsylvania Academy of the Fine Arts, iléèwé ọnà tó lórúkọ ní Philadelphia. Ó tibẹ̀ lọ sí Yale, ó sì gboyè kejì níbẹ̀ ní 2011.

Orúkọ ìlú tí Yale wà pa èèyàn lẹ́rìn-ín díẹ̀. New Haven ni. Ẹni tó bá sì mọ Enugu mọ̀ pé àdúgbò kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ New Haven. Ọmọbìnrin yìí kúrò ní New Haven ti Enugu, ó rìn títí, ó tún já sí New Haven. Ní 2012, ó ya àwòrán ńlá kan tó jẹ́ inú pálọ̀ tí èèyàn kún, ó sì sọ ọ́ ní 5 Umezebi Street, New Haven, Enugu. Àdírẹ́sì ilé gan-an ni. Ará Amẹ́ríkà tó bá ń ka àkọlé yẹn yóò rò pé ìlú tòun ni wọ́n ń wí, àfi ìgbà tó bá kan Enugu níparí. Kò sí àlàyé kankan fún un. Tó bá fẹ́ mọ ibi tó ń jẹ́ Enugu, kó lọ wádìí, bí àwa náà ṣe wádìí London Bridge nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa lórin rẹ̀ ní jẹ́léósinmi.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sún mọ́ àwòrán náà, ká wo bó ṣe ń ṣe é.

Ẹ ti ra àkàrà gbígbóná tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé rí. Ẹ délé, ẹ tú u, ẹ rí i pé lẹ́tà ti gbé ara rẹ̀ sára àkàrà, nígbà mìíràn ìdajì ojú olóṣèlú kan pàápàá, ó dorí kodò, òsì rẹ̀ di ọ̀tún. Òróró inú àkàrà ló tú íǹkì yẹn. Irú ọgbọ́n tí Njideka ń lò nìyẹn, àmọ́ òróró kọ́ ló ń lò. Á kọ́kọ́ kó fọ́tò jọ: ti ìdílé rẹ̀, ti ìgbéyàwó, àwòrán òṣèré àti olórin inú ìwé ìròyìn wa, èèpo rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́, ojú àwọn ológun tó ṣèjọba lé wa lórí. Á tẹ̀ wọ́n sórí ìwé pẹ̀lú ẹ̀rọ, á dojú wọn dé orí bébà ńlá tó fẹ́ ya àwòrán sí. Á wá fi ásítóònù rin ẹ̀yìn wọn. Oògùn tí àwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ ni ásítóònù. Á máa ra á, á máa tẹ̀ ẹ́, títí íǹkì yóò fi ṣí lára ìwé kan bọ́ sára èkejì. Tó bá ká ìwé òkè kúrò, fọ́tò náà á ti wà nísàlẹ̀, á ti ṣá díẹ̀, bí àǹkárá tí oòrùn ti pa.

Ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ló máa ń tò sínú àwòrán kan ṣoṣo. Wọ́n lè di ilẹ̀ pálọ̀, wọ́n lè di ògiri, wọ́n lè di ewé igi tàbí síkẹ́ẹ̀tì obìnrin. Lórí bébà kan náà ni yóò ti lo ọ̀dà, èédú, pẹ́ńsù aláwọ̀ àti aṣọ gidi tó gé lẹ̀ mọ́ ọn. Bí o bá dúró lókèèrè, wàá rò pé aṣọ tó ní bátànì ni ògiri yẹn. Sún mọ́ ọn, wàá rí i pé èèyàn ni gbogbo rẹ̀. Ìyàwó ń jó níbì kan, ológun wọ fìlà níbì kan, ọmọ kan wọ yunifọ́ọ̀mù iléèwé. Ẹni tó dá jókòó sínú yàrá yẹn kò dá wà.

Àwòrán tó tóbi ju ẹnu ọ̀nà ilé lọ ni púpọ̀ nínú wọn, síbẹ̀ kì í fi fírémù tàbí gíláàsì sí i. Bébà náà gan-an ni wọ́n ń so mọ́ ògiri, bí a ṣe ń so kàlẹ́ńdà. Iṣẹ́ náà kì í yá. Oṣù méjì, oṣù mẹ́ta, ó lè lọ lórí ẹyọ kan, nítorí náà ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún.

Àwọn wo ló wà nínú yàrá wọ̀nyí? Nígbà púpọ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ ni. Ní 2009 ó fẹ́ òyìnbó ará Amẹ́ríkà kan. Wọ́n ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ṣe ti ìbílẹ̀ lábúlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ ọmọ ẹ̀yà mìíràn, kí a má tíì sọ ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn, mọ̀ pé àlàyé kì í tán nídìí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Àwòrán ló fi ṣe àlàyé tirẹ̀. Nínú èyí tó pè ní Nwantinti, tó yà ní 2012, obìnrin jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ọkùnrin sì gbé orí lé e lẹ́sẹ̀. Nwantinti, ohun kékeré ni lédè Ìgbò. Ìfẹ́ ló wà níbẹ̀, kò sì ní ariwo nínú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ara ògiri àti bẹ́ẹ̀dì yẹn: àwọn èèyàn ilé ló kún ibẹ̀. Kò sí ìgbà tí tọkọtaya yìí dá wà nínú yàrá láìsí mọ̀lẹ́bí. Ẹ̀yin ìyàwó ilé tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn àwòrán mìíràn kò tilẹ̀ ní èèyàn, tábìlì nìkan ni. Ọ̀kan wà tó pè ní Tea Time in New Haven, Enugu, tó yà ní 2013. Tábìlì tíì ni. Ẹ jẹ́ ká ro ọ̀rọ̀ tíì yẹn díẹ̀. Àwọn òyìnbó tó ṣàkóso lé wa lórí ló gbé e dé. Wọ́n lọ, tíì kò lọ. Ṣùgbọ́n a ti sọ ọ́ di tiwa débi pé kò sí ohun gbígbóná tó wọ kọ́ọ̀pù tí kì í ṣe tíì mọ́. Bournvita, tíì ni. Milo, tíì ni. Kódà mílíìkì àti ṣúgà lásán nínú omi gbígbóná, tíì ni. Òyìnbó tó bá bá wa jókòó yóò máa wá ewé tíì inú rẹ̀ kiri. Nígbà tí ayàwòrán bá to ife àti agolo sórí tábìlì Enugu, ìtàn ìjọba amúnisìn ló ń tò síbẹ̀, pẹ̀lú ọgbọ́n tí a fi sọ ẹrù àjèjì di ẹrù ilé.

Ẹ rántí aṣọ tí mo ní kẹ́ ẹ bá mi fi pamọ́. Ní ọdún 2017 ó ya àwòrán kan tó wà ní ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà báyìí. Àkọlé rẹ̀ yóò yà yín lẹ́nu: Dwell: Aso Ebi. Aṣọ ẹbí! Ọmọ Ìgbò ni, ìlú Los Angeles ló ń gbé, ọ̀rọ̀ Yorùbá ló sì fi sọ àwòrán náà lórúkọ. Nàìjíríà tó tọ́ ọ dàgbà nìyẹn. Kò sí ẹ̀yà tí kì í ra aṣọ ẹbí mọ́, orúkọ tí Yorùbá fún un ni gbogbo ìlú sì ń pè é.

Obìnrin kan jókòó nínú àwòrán yẹn. Fọ́tò àwọn òbí rẹ̀ wà nínú fírémù lára ògiri. Ògiri náà fúnra rẹ̀, aṣọ ni: irú aṣọ tí a máa ń tẹ ojú èèyàn sí fún òkú, fún ìbò, fún ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún. Ojú Dora Akunyili ló wà lára rẹ̀, léraléra, láti òkè dé ilẹ̀. Ìyá náà ti kú nígbà tí wọ́n ya àwòrán yìí. Àrùn jẹjẹrẹ ló mú un lọ ní oṣù kẹfà ọdún 2014. Àwa mọ ohun tí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe. A rà á lọ́jọ́ ìnáwó, a rán an, a jó nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó di ìró tí a fi ń sùn, ó di aṣọ tí a fi ń pọn ọmọ. Ojú olóògbé á máa wo ọmọ tuntun lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ìtẹ́wọ́gbà Amẹ́ríkà kọ́ ló sọ irú aṣọ yẹn di ohun iyì. Iyì ti wà lára rẹ̀ látọjọ́ tí a ti ń fi pọnmọ.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, àwọn agbébọn pa bàbá Njideka náà ní Ìpínlẹ̀ Anambra. Àwọn òbí méjèèjì tó wà nínú fírémù inú àwòrán yẹn, kò sí ìkankan láyé mọ́.

Kí àwòrán yẹn tó dé, ó ti ya ọ̀kan ní 2014 tó pè ní Mama, Mummy and Mamma. Mama ni ìyá àgbà. Mummy ni ìyá. Mamma ni orúkọ tí wọ́n ń pe àbúrò rẹ̀ nílé. Àbúrò nìkan ló jókòó nídìí tábìlì. Inú fọ́tò ni ìyá àti ìyá àgbà ti ń wò ó. Ìran mẹ́ta nínú yàrá kan, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́. Àlàyé gígùn ni àwọn aláwọ̀ funfun tó ń kọ̀wé nípa iṣẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe níbí. Àwa tí a ń sọ ọmọ ní Yétúndé, tí a ń pe ọmọ ọdún mẹ́ta ní Ìyá mi, kò pọn dandan kí wọ́n là á yé wa.

Ó tún ní ọ̀wọ́ àwòrán kan tó jẹ́ ti àwọn ọmọdé Nàìjíríà, tó pè ní The Beautyful Ones. Inú àkọlé ìwé ìtàn tí Ayi Kwei Armah, ọmọ Ghana, kọ ní 1968 ló ti mú orúkọ yẹn. Ìwé náà ní àwọn ẹni rere yẹn kò tíì dáyé. Ayàwòrán yìí gbé ọmọdé kalẹ̀, ó wọṣọ tó dáa, ó dúró wò wá tààrà. Lójú tèmi, ìbéèrè ló ń bi wá: ṣé ẹ dá yín lójú pé a kò tíì dé?

Ayé sì ti rí i. Ní oṣù kọkànlá 2016, wọ́n lu àwòrán rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Drown ní gbàǹjo ní New York, owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 1 dólà. Ní oṣù kẹta 2017, wọ́n tún lu òmíràn ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí lé ní mílíọ̀nù 3 dólà. Ẹ má ṣe rò pé àpò rẹ̀ ni owó náà wọ̀ o. Ẹni tó ti rà á tẹ́lẹ̀ ló ń tà á, òun ló sì ń jèrè. Lọ́dún 2017 yẹn kan náà ni àjọ MacArthur ní Amẹ́ríkà fún un ní ẹ̀bùn 625,000 dólà, èyí tí wọ́n ń fún àwọn tí ọpọlọ wọn yàtọ̀. Ní 2018 òun náà fi àwòrán kan ta Studio Museum ní Harlem lọ́rẹ kí wọ́n lè fi rí owó kọ́lé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un ní àyè iṣẹ́ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Yale tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ ọ́n. Wọ́n ta àwòrán náà ní iye tó lé ní mílíọ̀nù 3 dólà. Ó mọ ibi tí wọ́n ti fún un lómi mu.

Ẹ̀yin ará wa ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù lè ti rí iṣẹ́ rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ní 2018 ó ṣe àwòrán ńlá kan sí ẹnu ọ̀nà ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Brixton. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn dúdú láti erékùṣù Kàríbíà tẹ̀dó sí lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú omi Windrush gúnlẹ̀ ní 1948. Kí ló yà síbẹ̀? Pálọ̀ ni! Àwọn ọmọ-ọmọ àwọn tó wọkọ̀ wá jókòó nínú rẹ̀, wọ́n ń gbádùn ara wọn, ohun ìní àwọn bàbá àgbà sì yí wọn ká. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá kúrò ní ìlú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ fi pálọ̀ tún ìlú náà kọ́.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, àsìkò ti ń lọ. Àwọn òbí tó bá ní ọmọ tó ń yàwòrán sẹ́yìn ìwé iléèwé, ẹ má fi ẹgba kọ́kọ́ dá a lóhùn. Ọmọ dókítà àti apoògùn ló fi sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ yìí, kò sì dójú ti ilé rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ gbogbo yín. Gbogbo iṣẹ́ obìnrin yìí, fọ́tò àtijọ́ ló gbé e ró. Ká ní ìdílé rẹ̀ ti da tiwọn nù nígbà tí wọ́n ń kun ilé ni, tàbí tí òjò pa á nínú àpótí, kí ni ì bá fi ṣiṣẹ́? Tẹ́ ẹ bá délé lálẹ́ yìí, ẹ sọ fọ́tò tó wà lára ògiri yẹn kalẹ̀. Ẹ nu eruku rẹ̀. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó dàgbà jù nínú ilé, ẹ bi í léèrè: ta nìyí, níbo nìyí, ọdún wo ni, ta ló ra aṣọ yẹn? Ohun tó bá sọ, ẹ fi bírò kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀, orúkọ àti ọdún, kí ẹ tó gbé e kọ́ padà.